Ohùn Tó Ń Ti Igun Ẹ̀yìn Wá

Òórùn eruku tó ń gbóná ni mo fi ń mọ̀ pé Sọ́ńdè ti mọ́. Kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú fúláàtì wa ní Peckham, òórùn yẹn á ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá mi, torí Dádì ti tan ẹ̀rọ ńlá wọn, eruku ọ̀sẹ̀ kan sì ń jó lórí rẹ̀. Bí mo bá jáde, màá bá wọn lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń ki teepu bọ inú ẹ̀rọ bí ẹni ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí, bóyá fún mi, bóyá fún teepu.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ẹ ó rántí pé rẹ́díò kékeré orí fíríìjì ló wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíkà mẹ́rin ni Dádì ní, àlòkù ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan pálọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ́díò kan ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London. Bí àwọn olórin bá wá ṣeré níwájú èrò níbẹ̀, tí rẹ́díò ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé máìkì méjì síwájú fún olórin, wọ́n á gbé méjì sẹ́yìn láàárín èrò. Òyìnbó kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ ló fi teepu ọ̀kan nínú eré wọ̀nyí ta Dádì lọ́rẹ, torí ẹkún ọmọ kan ti wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ nù. Ní pálọ̀ wa, orin á máa ti iwájú wá, àtẹ́wọ́ àti ikọ́ àwọn tí a kò rí á máa ti ẹ̀yìn wá.

Lẹ́yìn orin kẹta, gbogbo èrò á dákẹ́. Nígbà náà, láti igun òsì lẹ́yìn, níbi tí a kò rí nǹkan kan ju kọ́tìnì lọ, ọmọ ọwọ́ á ké. Obìnrin kan á sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Ó tó, Àṣàkẹ́. Ó tó. Má sunkún mọ́."

Èmi ni Àṣàkẹ́. Sherífá ni gbogbo èèyàn ń pè mí, ṣùgbọ́n Big Mummy ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé oríkì mi nìyẹn, wọn kò sì fi pè mí rí. Orí mi á wú. Màá bojú wẹ̀yìn, n kò ní í rí ẹnì kan. Dádì á dijú ní tiwọn, wọ́n á máa mi orí.

Ẹ̀gbọ́n Dádì ni Big Mummy. Àwọn ló wá tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú, kí n tó pé ọmọ ọdún kan, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìyá mi létí mi. Àwọn náà ló kọ́ mi pé, "Tí o bá gbọ́ orúkọ ẹ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, o ò gbọdọ̀ dáhùn o. Ẹni tó bá dáhùn, á tẹ̀lé e lọ." Nítorí náà, ní gbogbo Sọ́ńdè, màá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi.

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí Anti Múínà bẹ̀rẹ̀ sí wá sílé wa. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Camberwell. Wọ́n máa ń di irun mi láìfà á, mo sì fẹ́ràn wọn débi pé mo ń fi orúkọ wọn sínú àdúà mi. Big Mummy fẹ́ kí Dádì fẹ́ wọn. Dádì gbà. Wọ́n ní kí Anti wá jẹun ní Sọ́ńdè, kí wọ́n wá dá ọjọ́ nikáà.

Inú mi dùn, àfi ohun kan. Mo mọ Anti Múínà: bí ọmọ kan bá ké, wọ́n á ti dìde. Ta ló máa kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má dáhùn? Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo ti ilé-kéwú dé, mo mú sísọ́ọ̀sì Big Mummy, mo rá pálá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, mo gé wáyà sípíkà igun òsì. Mo ti ẹnu wáyà náà sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ kejì, Anti jókòó, Dádì fi teepu sí i. Orin kẹta parí. Àtẹ́wọ́ wá láti igun ọ̀tún, ó sì dákẹ́. Kò sí ẹkún. Kò sí ohùn. Dádì lajú. Wọ́n dá teepu padà, wọ́n tún gbọ́ ọ, wọ́n tún dá a padà.

"Daddy Sherífá, ṣé machine yẹn ti spoil ni?" ni Anti bi wọ́n. Ìrẹsì tutù sórí tábìlì.

Nígbà tí Anti lọ, mo gbọ́ Dádì ní kíṣìnì. "Ẹ̀gbọ́n mi, Rùkáyátù ló panu mọ́ yẹn. Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sí Sunday tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ àti ti ọmọ ẹ̀. The very day tí mo fẹ́ mú ìyàwó wálé, ó dákẹ́. Kò fọwọ́ sí i." Big Mummy ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Dádì ní, "Mo gbọ́ àwọn èrò tó kù. Òun nìkan ni kò sí níbẹ̀."

Rùkáyátù ni orúkọ ìyá mi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àpá sísọ́ọ̀sì ṣì wà ní àtàǹpàkò mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Big Mummy kò yé sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Anti Múínà kò wá mọ́. Dádì ta ẹ̀rọ náà, wọn kò sì fẹ́ ẹlòmíràn títí di òní.

Lọ́dún tó kọjá, council ní àwọn fẹ́ wó ilé wa. Ibi tí mo ti ń bá Dádì kó ẹrù ni mo ti rí teepu náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo mú Dádì àti teepu lọ bá ọkùnrin kan tó ń kó irú rẹ̀ jọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá rélùwéè. Ó ní díẹ̀ ló kù láyé: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pa rẹ́, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ohùn iwájú nìkan ni wọ́n dá sí. Ó gbé àga Dádì sáàárín sípíkà mẹ́rin.

"Ó tó, Àṣàkẹ́. Ó tó."

Mo bojú wẹ̀yìn bíi tàtijọ́. Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ìyá mi kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ lọ́jọ́ tó gbé mi jókòó sáàárín èrò yẹn. Àbígbẹ̀yìn tèmi ti jù ú lọ. Dádì bú sẹ́kún. "Ó ti dárí jì mí," ni wọ́n ń wí. "Sherífá, ó ti dárí jì mí." Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ wáyà tí mo gé. Wọ́n wá gbójú sókè bí ọmọdé, wọ́n bi mí pé, "Múínà ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà ní Camberwell?"

Mo ń rí Anti Múínà ní ọjà East Street. Wọn kò lọ́kọ. Wọn kì í jẹ́ kí n lọ láì béèrè àlàáfíà Dádì. Bí mo bá sọ ibi tí wọ́n wà, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹnì kan á sì bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ tó mú sísọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ẹlòmíràn ló fẹ́ dáàbò bò. Èmi tí irun orí mi ti ń funfun, ara mi ni mo dáàbò bò. Mo sọ fún Dádì pé n kò mọ ibi tí wọ́n wà.