Àwọn Ṣójà Ìlà Keje

Sájẹ́ǹtì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé àárín àwọn ọmọ ogun ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dìde wí pé àwọn kò yàn án sípò. Irinwó ó lé méjìlá ni wọ́n. Wọ́n dùbúlẹ̀ ní ìlà-ìlà lẹ́yìn ògiri kúkúrú kan, òkúta funfun kọ̀ọ̀kan ní orí kálukú, òun ló sì ń tọ́jú wọn. Ó ń gé koríko, ó ń fọ òkúta, ó ń fi ọ̀dà dúdú tún lẹ́tà tó bá ti ṣá kọ. Kó tó dé ìlà tó kẹ́yìn, koríko ìlà kìn-ín-ní ti tún ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ kì í pani, kò tíì gé koríko fún ọdún méjìdínlógójì.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ náà máa parí, tí yóò fẹ̀yìn tì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi òróró pa orúnkún méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, dá ẹ̀rọ dúró, ó wò ó.

"Ọkọ mi, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù. Ẹni tó yẹ kó máa jó, ẹ wá fajú ro bí ẹni tí òjò pa aṣọ tó sá."

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Mo mọ èyí tó ń jẹ́ àárẹ̀ nínú yín, mo mọ èyí tí kì í ṣe àárẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ìyá yẹn máa ń wá, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ó tún bu òróró sọ́wọ́, ó ń pa orúnkún lọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ó ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un nígbà kan tí ibà dá a dùbúlẹ̀ tó rò pé òun ò ní dìde mọ́. Ó dìde ṣá o, láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kò sì ti jẹ́ kó gbádùn.

"Tí ẹ bá lọ sílé láìsọ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, "inú ilé yìí náà lẹ ń gbé e bọ̀. Àyè ò sì sí níbí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ rèé. Ọgbà ọsibítù ni ilẹ̀ ìsìnkú náà tẹ́lẹ̀. Nígbà ogun, ọkọ̀ a máa kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá láti ojú ìjà. Àwọn tó bá kú nínú wọn, wọ́n á gbé wọn gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n á sin wọ́n síbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ fún àwọn aláìsàn. Káfíńtà ọsibítù ló ń ṣe pátákó tí wọ́n ń rì sí orí ibojì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, ìlà tẹ̀ lé ìlà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé: Ẹ kà á láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn mìíràn kò lè sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kú, kò sì sí ìwé kankan nínú àpò wọn, "Ọmọ ogun kan" ni nọ́ọ̀sì ń kọ fún irú wọn. Nígbà tí ogun parí, ọsibítù kó lọ síbòmíràn, àwọn òkú kò lè bá a kó. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò àti ikán.

Ó pẹ́ kí ìjọba tó rántí wọn. Nígbà tí wọ́n rántí, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkúta wá, wọ́n gba ọkùnrin mẹ́ta láti rì í, Sájẹ́ǹtì sì jẹ́ ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀: ka orúkọ ara pátákó, wá òkúta tó bá a mu, yọ pátákó, ri òkúta. Àfi ní ìlà keje. Igi ńlá kan ti wà níbẹ̀ rí, ikán inú kùkùté rẹ̀ sì ti jẹ gbogbo pátákó ìlà náà di ẹ̀tù. Kò ku lẹ́tà kan. Ni Sájẹ́ǹtì bá mú ìwé nọ́ọ̀sì, ó rí orúkọ mọ́kàndínlógún, ó sì ka àṣẹ tó wà níwájú ìwé. Ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó kà á láti ibẹ̀. Òjò ti ṣú, awakọ̀ ń fun fèrè pé kí wọ́n yára. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rì í tán, kò sì sí ọ̀kan tó wọ́. Ọ̀gá yìn ín lójú gbogbo ènìyàn, inú rẹ̀ dùn dé ilé.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó ń gbẹ́ gọ́tà ní apá kejì ọgbà, ṣọ́bìrì rẹ̀ sì kan irin. Ó rò pé páìpù ni. Ó gbẹ́ ẹ yíká, ó rí i pé òpó ìlẹ̀kùn ni, ibi tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn kọ́ sí ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tó wọn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó rí èkejì. Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà tí òun ń gbà wọlé lójoojúmọ́ ní apá ọ̀hún lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tí wọ́n la títì ni wọ́n ti yí ẹnu ọ̀nà padà. Ẹnu ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì mọ̀ ni èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí.

Òdì ló ka ìlà keje sí. Ẹni tó wà lórí ti di ẹni ìdí, ẹni ìdí ti di ẹni orí. Nínú àwọn mọ́kàndínlógún, ẹni kẹwàá tó wà láàárín gbùngbùn nìkan ló sùn sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ìyẹn náà, orí ló kó o yọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Ó dáa. Kó mọ bẹ́ẹ̀. Òkú ò mọye tá a ra aṣọ. Tá a bá ní ká máa wú òkúta mọ́kàndínlógún, èmi àtìwọ la jọ máa lọ sílé. Àti pé, ta ló tiẹ̀ ń wá sí ìlà keje?"

Ẹnì kan ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó.

Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni obìnrin náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ogun tí kò padà. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ lẹ́tà káàkiri kí wọ́n tó fún un lésì pé inú ọgbà yìí ló wà, ìlà keje, òkúta kẹrin. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì rí òpó irin yẹn, obìnrin náà ti ń wá fún ọdún mẹ́rin. Ọkọ̀ méjì ló ń wọ̀. Sájẹ́ǹtì á gbé àpótí ìjókòó fún un, obìnrin náà á jókòó síwájú òkúta, á sì máa ròyìn ilé: ẹni tó gbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó kó lọ láìdágbére, òrùlé tó ń jò àti káfíńtà tó gbowó tí kò padà wá. Ohùn olùkọ́ ló fi ń sọ ọ́, gbogbo ọgbà ní í gbọ́. Sájẹ́ǹtì tó ń gé koríko nítòsí ti mọ tẹbí tará ilé náà tán.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń ròyìn fún kò sí níbẹ̀ o. Abẹ́ òkúta kẹrìndínlógún ló wà, èyí tí wọ́n kọ "Ọmọ ogun kan" sí. Ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í rí. Sájẹ́ǹtì a máa fọ òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì tó bá fọ àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé ọṣẹ lè tún irú ẹ̀ ṣe. Lọ́dọọdún, á ní lọ́tẹ̀ yìí, òun á sọ. Obìnrin náà á dé, á rẹ́rìn-ín sí i, á kí i tìyàwó tọmọ, Sájẹ́ǹtì á sì sáré lọ gbé àpótí wá. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rù ọ̀gá ṣe àwáwí. Ọ̀gá kú, àwáwí tán, ó wá ku ìtìjú nìkan. Ìtìjú ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wúwo ju òkúta èyíkéyìí tó gbé rí lọ.

Ọjọ́rú ni ìyá náà dé. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí, ó sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹta láti ẹnu ọ̀nà dé ìlà keje.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ọ̀nà."

"Ẹ kú iṣẹ́, Sájẹ́ǹtì. Àṣekẹ́yìn rèé o. Dókítà ní kí n gbàgbé ọkọ̀ wíwọ̀, orúnkún mi ti parí. Mo ní kí n wá dágbére fún bùọ̀dá mi."

"Èmi náà, ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ sílé."

"Ẹ gbà mí! Ta ló wá máa bá mi tọ́jú ẹ̀ báyìí?"

Ìyá náà na ọwọ́ sí àpótí ìjókòó tí Sájẹ́ǹtì gbé lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì kò gbé e kalẹ̀. Àárẹ̀ mú un pátápátá nígbà yẹn, kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, ó sì rí i pé okun tí òun fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì ti tán.

"Màmá, ẹ má tíì jókòó. Bùọ̀dá yín kọ́ ló wà níbí. Èmi ni mo ri òkúta yìí, mo sì rì í síbi tí kò yẹ."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: igi, ikán, ìwé nọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà méjì, àti òkúta kẹrìndínlógún tí bùọ̀dá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kò bu iyọ̀ sí i, kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá náà gbọ́ ọ délẹ̀ láìmira.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ó gbọ́ pé "ẹ" ti di "o". "Ó di ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Màmá."

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìwọ lo máa ń gbé àpótí fún mi. Wàá nu ún kí n tó jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo ń sunkún níbí, o ń gé koríko."

Sájẹ́ǹtì fi orúnkún tó ń ro ó kúnlẹ̀. Ìyá náà wò ó láti òkè.

"Dìde. Kò sẹ́ni tó máa fà ọ́ dìde níbí, èmi gan-an ò lágbára." Ó dúró títí ó fi dìde. "Ta wá lẹni tó wà lábẹ́ eléyìí?"

"A ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Òun ni ọmọ ogun tí kò lórúkọ."

Ó yíjú sí òkúta kẹrin, ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ti jẹ oúnjẹ onílé tán. Lẹ́yìn náà, ìbínú náà rọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀. "Kò ṣẹ̀ mí, òun," ló wí. "Ó gbọ́ mi dáadáa."

Sájẹ́ǹtì na apá sí i kó dì í mú. Kò dì í mú. Ọ̀pá rẹ̀ ló gbára lé kọjá òkúta mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, Sájẹ́ǹtì ń gbé àpótí tẹ̀ lé e. Ní iwájú èyí tó jẹ́ kẹrìndínlógún, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ó tún un kà.

"Wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀."

"Mo ti kọ lẹ́tà sí olú ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ sí i, mo fi ìwé nọ́ọ̀sì tì í. Tí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ mí, kí wọ́n jẹ mí. Orúkọ ẹ̀ á dé ibí."

"Ó yẹ kó dé." Ó jókòó. "Máa lọ, Sájẹ́ǹtì. Mi ò tíì lè dárí jì ọ́, má dúró dè é."

Ó lọ, ó mú ọ̀bẹ ìgékoríko rẹ̀ dé ìlà kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ń retí ohùn olùkọ́ yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún un là. Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti sọ fún ẹlòmíràn tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ẹyọ kan. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ òkúta náà. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, kò ròkè mọ́, ohùn ọmọdé tó pẹ́ dé láti ibi tí wọ́n rán an ni.

"Bùọ̀dá, èmi ni. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Màmá wa ti kú o."