Obìnrin Aláṣọ Pupa Kò Pa Ẹnikẹ́ni

Ìgbà tí alàgbà wa gbé ìwé náà sókè ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti dáràn. A ti kọrin, a ti gbàdúrà, ìfilọ̀ ló kù kí a túká. Ìwé aláwọ̀ búlúù ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, tí wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Alàgbà wo ìjọ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó ní Ọlọ́run ti tú àṣírí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

“Obìnrin aláṣọ pupa gbé ife wá fún alàgbà onírùngbọ̀n funfun. Ó ti da nǹkan sínú rẹ̀. Alàgbà mu ún, ó ṣubú. Láti òní lọ, n kò gba obìnrin yìí gbọ́ mọ́. Ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣìkà.”

Gbogbo ojú lọ sí àgbọ̀n rẹ̀. Alàgbà wa ní irùngbọ̀n, irùngbọ̀n náà sì funfun bí òwú. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ pé alàgbà tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbé ní Adó-Èkìtì, pé inú eré Ṣáínà tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà. Ìwé mi ni. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. N kò sì dìde láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun kékeré kan ni tiwa, ní Òkè-Ìlá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kò lópin. Mo ti jáde ilé-ìwé girama, mo ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọwọ́ mi sì yá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gbé aríran, tí ó ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, tí n ó máa kọ ohun tí ó ń wí. Aríran kì í dárúkọ ẹni. Á ní òun rí ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́, òun rí obìnrin kan tó ru igi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó gbé ìwé náà fún alàgbà, òun yóò fi àdúrà yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì ka èyí tó yẹ kí ìjọ gbọ́ ní ọjọ́ kejì. Ìwé tí mo ń kọ eré Ṣáínà sí àti ìwé ìran jọ ara wọn bí ìbejì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ti eré ni mo gbé fún un, mo fi ti ìran sílẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé inú ààwẹ̀ la wà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo eré tàbí fíìmù kankan títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Èmi akọ̀wé ìran kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.

Yàrá ìyá aránṣọ kan nínú ilé wa ni mo ti ń wò ó. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti relé ọkọ sí ọ̀nà jíjìn, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Òun ló ń rán aṣọ funfun fún ìjọ wa. Màmá ni mo ń pè é. Ó ní tẹlifíṣàn aláwọ̀ mèremère kan tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé, àwa méjèèjì la sì jọ ń jókòó tì í. A kò lè di orúkọ àwọn ará Ṣáínà mú lẹ́nu, nítorí náà ìrísí wọn la fi ń pè wọ́n: Onírùngbọ̀n Funfun, Aláṣọ Pupa, Ọlọ́bẹ Méjì, Ọmọ Tí Kì í Rẹ́rìn-ín. Bí iná bá lọ kí eré tó parí, a ó máa wá ẹni tó rí ìyókù. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Mo ti di ìyá ọmọ mẹ́ta báyìí, n kò sì tíì yí èrò mi padà lórí eré àwọn ará ìlà-oòrùn. Ọmọbìnrin mi ń ka ìtàn alááwòrán Kòríà lórí fóònù, á máa fi àtàǹpàkò tì í sókè, èmi náà á máa yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀, á ní kí n jẹ́ kí òun mí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ìbínú wọn kì í kánjú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á kọ́kọ́ bu tíì sínú ife, á mu ún, á rọra gbé ife kalẹ̀, ìgbà yẹn ni ìwọ tí ń wò ó á mọ̀ pé ilé fẹ́ jó. Nínú fíìmù òyìnbó, ìbọn ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ti Íńdíà dùn, ṣùgbọ́n orin wọn pọ̀. Ẹni tí ọ̀tá ń lé kò yẹ kó dúró jó lẹ́bàá igi. Ní ti àwọn eré alááwòrán Jàpáànù, tí ojú àwọn ènìyàn inú wọn tóbi bí ọsàn, àwọn àgbàlagbà máa ń sọ pé ti ọmọdé ni. N kò gbà. Èyí tí wọ́n ń fi hàn nígbà náà lẹ́yìn ilé-ìwé, ọmọ kan pàdánù bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń rántí rẹ̀. Nínú ti Amẹ́ríkà, ológbò á já láti orí àpáta, á dìde, ẹnikẹ́ni kò ní bi í bóyá ó dùn ún. Àti pé àwọn ará Ṣáínà ń kúnlẹ̀ fún òbí. Fún èyí, ọmọ Èkìtì kò nílò ògbufọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Aláṣọ Pupa da nǹkan sínú ife, èmi àti Màmá jà. Mo ní ìkà ni. Ó ní ojú mi ń ríran, ṣùgbọ́n n kì í wò. Ó ní kí n rántí ìgbà tí bàbá náà ṣubú, pé obìnrin yẹn yára fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ kí ó má baà lu ilẹ̀. “Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn,” ni Màmá wí, “kí ló kàn án bí orí rẹ̀ bá fọ́?” Mo ní ẹ̀tàn ni. Mo wọ yàrá mi, mo sì kọ èrò tèmi sínú ìwé, èyí tí alàgbà wá kà jáde létí gbogbo ìjọ.

Kí oòrùn ọjọ́ Ìsinmi yẹn tó wọ̀, ẹnìkan ti rántí. Èèwọ̀ ni aṣọ pupa nínú ìjọ wa. Ṣùgbọ́n Màmá ní ìró pupa àtijọ́ kan tó máa ń ró nínú ilé bí ó bá ń rán aṣọ funfun, kí òwú tó já lè hàn lára rẹ̀ kí ó sì ṣà á. Gbogbo àwọn tó ti wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti rí i. Òun náà ló sì máa ń gún iyán fún alàgbà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n so méjèèjì pọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ènìyàn wá gba aṣọ wọn tí Màmá kò tíì gé. Wọn kò bínú, wọn kò ráhùn, wọ́n kàn ń na ọwọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́sàn-án, alága àwọn ọ̀dọ́ ìjọ dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì. Ó kí Màmá dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, kí ó tó sọ fún un pé àwọn ti bá onílé sọ̀rọ̀, pé kí ọjọ́ Ìsinmi má bá a ní àdúgbò yìí, nítorí àwọn ò lè ṣèlérí ohun tí àwọn ọmọ ìta yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ májèlé ń ṣe sí obìnrin àgbà. Ẹnikẹ́ni kì í dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo wọlé tọ̀ ọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan.

“Ìwé rẹ ni, àbí?”

“Tèmi ni, Màmá.”

“Mo mọ̀. Kí ó tó ka irùngbọ̀n tán ni mo ti mọ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ń wá ẹni tí òun yóò ti ẹ̀bi sí lọ́rùn. Bí ó bá ti ẹnu mi jáde, òótọ́ ni. Kò pàṣẹ fún mi. Ó kàn ká ìró pupa náà, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá wò mí. “Ìwọ náà lo sì kọ ọ́ pé ọwọ́ Aláṣọ Pupa ń ṣìkà. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

N kò sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ìwé ìran tòótọ́, mo lọ sílé alàgbà. Alága àwọn ọ̀dọ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Alàgbà gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣí wọn, ó pa wọ́n dé.

“Inú ààwẹ̀ lo ti ń wo eré?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Gbogbo ọ̀sẹ̀?”

“Gbogbo ọ̀sẹ̀, Bàbá.”

Alága àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni mo ń pa, pé oúnjẹ ìyá náà ni mo ń jẹ tí mo fi fẹ́ gbà á sílẹ̀. Alàgbà bi mí pé aago mélòó ni wọ́n ń fi eré náà hàn. Mo ní aago méje. Ó ní àwọn yóò wá wò ó. Alága fi kún un pé bí àwọn ò bá rí ohun tó wà nínú ìwé, èmi náà á kó ẹrù mi tẹ̀lé Màmá.

Aago méje ku díẹ̀, ènìyàn mẹ́fà ti kún yàrá Màmá, ni iná bá lọ. Mo rí i tí alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní ẹ̀rọ amúnáwá, òun náà kì í sì í pa eré yẹn jẹ. Ó na wáyà gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi orí tẹ̀lé e. “Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ dákun, ẹ má tẹ wáyà mi mọ́lẹ̀.”

Ohun tí mo gbójú lé ni àṣà àwọn eré yẹn: wọ́n á kọ́kọ́ tún òpin ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi hàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí orin ṣe parí, ó jáde wá nínú aṣọ pupa rẹ̀, pẹ̀lú ife. Ó da nǹkan sínú rẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n funfun mu ún, ó ṣubú. Obìnrin náà gbé orí rẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ti orí, tí n kò kọ rárá.

Alàgbà wa mí kanlẹ̀. Alága ní ẹ ṣáà rí i pé ó da májèlé náà síbẹ̀.

“Dákẹ́,” ni alàgbà wí, “jẹ́ kí a wò ó.”

Àwọn ọkùnrin méje tó di ọ̀kọ̀ mú wọlé wá nínú eré náà láti pa bàbá yẹn. Wọ́n bá a nílẹ̀, wọ́n fi etí lé àyà rẹ̀, wọ́n ní ó ti kú, wọ́n lọ. Nígbà tí ilé dákẹ́, bàbá la ojú. Oògùn oorun ni ohun tó wà nínú ife. Aláṣọ Pupa ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ó lè fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Èmi ni Màmá yíjú sí: “Ṣé o ti wò ó báyìí?”

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ni alága àwọn ọ̀dọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó rán àwọn ọkùnrin méje yẹn. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti ojú fèrèsé, alàgbà kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì wà lórí rẹ̀ títí epo ẹ̀rọ fi tán.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, alàgbà sọ òótọ́ fún ìjọ, ó bẹ Màmá níwájú gbogbo wa. Wọ́n gba aṣọ funfun mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ààwẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò, inú mi sì dùn ju ti ẹni tó wà níwájú lọ. Àwọn oníbàárà ń gbé aṣọ wọn padà wá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì kù. Ní ọjọ́ tí ó ka ìwé náà, alàgbà ti kọ lẹ́tà nípa Màmá sí àwọn aṣáájú ẹkùn, àwọn tó wà lórí gbogbo ìjọ agbègbè wa, wọ́n sì ti dáhùn pé àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́. Àwọn ló láṣẹ láti yọ ènìyàn kúrò nínú ìjọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dúró. Màmá ń ránṣọ, àmọ́ mo ń rí i tó ń tú ohun tó ti rán, tó ń tún un rán.

Wọ́n dé, àgbàlagbà mẹ́rin. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wọn. Ó ní kí èmi tí mo kọ ìwé dìde, kí n sọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi Ọmọ Tí Kì í Rẹ́rìn-ín, mo ti gbójú sókè. Mo sọ ọ̀sẹ̀ méjìlá, mo fi ọwọ́ ṣe bí wọ́n ṣe bu tíì, mo sọ èyí tí mo ṣì wò àti èyí tí Màmá wò bó ṣe tọ́. Àwọn àgbàlagbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kúrò lójú kan. Ọ̀kan béèrè bóyá Aláṣọ Pupa padà rí ọkọ fẹ́.

Olórí wọn mú lẹ́tà alàgbà jáde láti inú Bíbélì rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, lẹ́yìn náà sí mẹ́rin, ó ní kò sí ẹjọ́ níbí. Ó bi wọ́n pé ta ni ìyá aránṣọ náà. Màmá dìde. Olórí náà ní aṣọ òun ti gbó, pé kí Màmá dákun wá wọn òun kí àwọn tó máa lọ. Ó bọ́ sí àárín ilé ìjọsìn, níwájú gbogbo wa, ó ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, Màmá sì mú okùn ìwọnṣọ kúrò ní ọrùn ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.