Ọkùnrin Tó Kúnlẹ̀ fún Ìgò ní Idu

Òórùn ọṣẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní Idu, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà ní Abuja. Kì í ṣe òórùn ọṣẹ inú ilé tó ń rán èèyàn létí aṣọ ọjọ́ Àìkú. Èyí máa ń ta nímú, á wá dúró sí ọ̀nà ọ̀fun bíi pé ó fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fa fìlà bojú, nítorí iṣẹ́ ọlọ́pàá tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí sí ni mo wá ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìwó ti di opó tipẹ́, ọmọbìnrin wọn sì ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Garki, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Wuse. Ọmọ náà mú ọkùnrin kan wá. Ẹbí ọkùnrin náà fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé, ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí pé èmi nìkan ni ojú àwọn ní Abuja, kí n wádìí rẹ̀, ohun tí mo bá sọ ni àwọn máa tẹ̀ lé. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú, tí mo ń fi táìlì lílẹ̀ jẹun, ni kí n wá dájọ́ ẹni tó ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Ọkùnrin náà ti sọ fún mi pé inú lábù ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ olómi àti apakòkòrò lòun wà, pé òun ló ń po nǹkan pọ̀ níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ní ìlú yìí, bí ẹnì kan bá ní òun ń po nǹkan pọ̀, tí bàtà rẹ̀ sì ń dán tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń pò.

Mo kí máígádì ní sànnu, ó ní yauwa, ó rò pé mo wá tún táìlì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Mo gba ẹ̀yìn ilé, mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà ni mo rí, ó wọ aṣọ funfun, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Iwájú ìgò kan ló kúnlẹ̀ sí, ìgò tí ikùn rẹ̀ rí roboto, tí ọrùn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń kán omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ṣẹ́jú, ẹnu rẹ̀ sì ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Kí lo fẹ́ kí n rò? Ìgò, aṣọ funfun, ìkúnlẹ̀, ọfọ̀. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ń ṣe oògùn owó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n máa ń ṣe é ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹsẹ̀ mi gbé mi kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti mọ̀ pé fìlà mi kò sí lórí mi mọ́.

"Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ o," ni mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù nígbà tí mo délé.

"Ṣé ó ń mutí ni?"

"Ì bá dáa kó máa mutí."

Wọ́n ní bí ọkàn mi ò bá gbà á, àwọn á ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀ kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Àṣé ọmọ náà ti ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná. Ó jáde, ó bi mí ní ohun tí mo rí, mo sì sọ fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ tìtorí ìgò lé ọkọ mi lọ? Òun ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má bi fèrèsé."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló mú mi padà lọ sí Idu. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, nígbà tó dìde, ó na nǹkan sí mi. "Fìlà yín rèé, sà. Máígádì ló rí i lábẹ́ fèrèsé." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Mo bi í ní ohun tó ń kúnlẹ̀ fún.

Dípò kó dáhùn, ó wọn iyọ̀ sórí ìwọ̀n, ó gbé irú ìgò yẹn fún mi. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ọrùn rẹ̀ ká, ibẹ̀ ni lítà kan ti ń pé. "Dádì, ẹ bá mi ṣe é. Iyọ̀ yìí ni mo fẹ́ nínú lítà kan." Èmi tí mo ti po sìmẹ́ńtì títí tí irun mi fi funfun, mo bu omi dé orí ìlà, mo da iyọ̀ sí i. Omi náà gun òkè kọjá ìlà.

"Ìgò yìí ti bàjẹ́," mo wí.

"Kò bàjẹ́, sà. Iyọ̀ náà ń gba àyè tirẹ̀. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lítà kan, kì í ṣe omi nìkan."

A dà á nù. Lọ́tẹ̀ yìí, iyọ̀ la kọ́kọ́ fi sí i, a bu omi díẹ̀, mo mì ín títí mi ò fi rí iyọ̀ kankan mọ́. Mo béèrè ibi tó lọ, nítorí mi ò fẹ́ràn ohun tó bá ń pòórá lójú mi. Ó ní kò lọ síbì kankan, iyọ̀ ló yọ́, omi ló yọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ìwọ̀n iyọ̀ tí òun fún mi ni wọ́n ń pè ní mólì kan, pé iye mólì tó bá wà nínú lítà kan ló ń sọ bí omi náà ṣe lágbára tó, òun ni moláríìtì. Mólì dà bíi dọ́sìnnì, iye ni, àmọ́ ó pọ̀ kọjá ohun tẹ́nikẹ́ni lè jókòó kà.

"Ta ló wá kà á?"

"A kì í kà á, sà. À ń wọ̀n ọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi àfìgbà tí mo rántí páálí táìlì. Iye táìlì kan náà lè wà nínú páálí méjì, kí ọ̀kan fẹ́ẹ̀ dá èèyàn lọ́rùn nítorí pé táìlì tiẹ̀ tóbi. "Ìyẹn ni pé mólì ṣúgà á wúwo ju ti iyọ̀?" Ó ní ó wúwo jù ú gan-an. Ó wò mí bíi pé mo yege ìdánwò, mo sì fura sí ìyẹn náà, torí ẹni tó ń wá ìyàwó lè yin ẹnikẹ́ni.

Ó wá kù kí omi dé orí ìlà. Tábìlì náà kúrú, bí ojú èèyàn ò bá sì ṣe déédéé pẹ̀lú ìlà yẹn, irọ́ ni yóò rí. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo ń kán omi, mo di èémí mú.

"Ọfọ̀ wo lò ń pè lánàá?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀pà ni mo ń jẹ, sà. Wọn ò gbà wá láyè ká jẹun nínú lábù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́."

Ó gbé ìgò apakòkòrò méjì síwájú mi, àwọn méjèèjì mọ́ gaara bákan náà. Ó ní ọ̀kan lágbára débi pé á bó àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, omi èkejì sì pọ̀ débi pé kò ní pa kòkòrò kankan nínú ọgbẹ́ aláìsàn. Mo wò wọ́n títí. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó ní ìdí tí òun fi ń kúnlẹ̀ wọn omi nìyẹn.

Mo pe Ìwó láti inú ọgbà ilé iṣẹ́ náà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ní Sátidé."

"Kí lo wá rí lánàá?"

"Ọkùnrin kan tí ebi ń pa."

Wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bí wọ́n bá wá kí wa, ó máa ń gbé zobo tútù wá fún mi, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí n tó mu ún. Ó mọ̀. Á yíjú sí tẹlifíṣọ̀n títí n ó fi gbé e mì. Mo ti rò ó nígbà kan pé bí mo bá ti mọ èèyàn dáadáa, ìfura mi á tán. Kò tán o. Kò sí èyí tó dín nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin náà ló ń pọ̀ sí i yí i ká lọ́dọọdún, bí ìgbà téèyàn ń bu omi kún omi iyọ̀, bí mo bá sì tọ́ ìfura náà wò báyìí, kì í ta mí lẹ́nu mọ́.