Omi Gbígbóná Rosenberg

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí Dúpẹ́ ti ń fọn fèrè mọ́tò nísàlẹ̀ ilé wa ní Third Ward, Houston. Mo ki ìró kan àti kànìnkànìn mi sínú báàgì. Bísí ọmọ mi ké sí mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ gbádùn ara yín o!" Kò jáde. Èmi nìkan ni mo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Kí ẹ má baà rò nílé pé mo ti di arìnrìn-àjò afẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bísí bí àkọ́bí rẹ̀, mo sì ti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Houston láti wá wẹ ìyá àti ọmọ, bí ìyá mi ti ṣe fún mi. Lọ́jọ́ tí mo dé gan-an ni mo gbé omi kaná. Mo gbé e wọ yàrá bó ṣe ń hó, mo ní, "Dìde, tú ìró, jẹ́ n fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ọ́ níkùn." Bísí, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, figbe ta: "Màámi, no! Dókítà ní a ò gbọdọ̀ ṣe é!" Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń wà ní títì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ti pinnu pé tí mo bá darí dé lọ́jọ́ náà, màá ní kí Bísí bá mi yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi padà, kí n máa lọ sílé mi.

Ọ̀nà wọn fẹ̀, ó dán, mọ́tò mẹ́rin ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá rẹ̀. Dúpẹ́, tí òun àti Bísí jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Màmá, Bísí ló ní kí n mú yín lọ o. She said ẹ nílò relaxation."

"Relaxation wo nìyẹn?"

"Ìsinmi, Mà."

"Kí ni mo ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé tí mo fi máa sinmi?"

Dúpẹ́ ti káàsẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò.

A kò lò tó wákàtí kan ká tó dé ilé onípákó kan lẹ́yìn ìlú Rosenberg. Ìyá àgbà ará Japan kan ló ni ín. Dúpẹ́ ní àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ló gbẹ́ ilẹ̀ náà, tí omi gbígbóná jáde dípò epo. Onsen ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Japan, ìyẹn omi tó ń gbóná sun láti inú ilẹ̀, téèyàn ń lọ jókòó sí. Mo ní àwa náà ní Ìkógòsì. Dọ́là mẹ́jọ ni owó ìwọlé. Dúpẹ́ san án, ó bá iṣẹ́ lọ, ó ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́rin.

Mo ró ìró mi dé àyà, mo forí lé omi. Ìyá àgbà sáré dí mi lọ́nà. Aṣọ kì í wọ inú omi náà, ìdọ̀tí ara pàápàá kì í wọ̀ ọ́. Ẹ̀bá omi lèèyàn ti ń jókòó sórí àpótí kékeré wẹ̀ kó tó wọ inú rẹ̀. Èmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìhòòhò! Mo bá a jiyàn títí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà bọ́ tirẹ̀, ó jókòó. Ojú tì mí, mo tú ìró.

Ó na aṣọ ìnura sí ẹ̀yìn mi, ó tẹrí ba, ó fi gẹ̀ẹ́sì táṣẹ́rẹ́ tó gbọ́ bi mí pé, "Ẹ̀yìn ńkọ́, jọ̀ọ́?" Kò fọwọ́ kàn mí. Ó dúró títí mo fi mi orí. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó fọ ẹ̀yìn mi rí. Mo sunkún nínú ọṣẹ, kò bi mí ohun tó fà á.

Nígbà tó kàn mí, mo gbé kànìnkànìn, mo dojú kọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìkòkò tó jóná. Ó ké, "Jẹ́jẹ́!" Ọwọ́ mi dúró. Mi ò tiẹ̀ bi í kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi nìkan ló kù sínú omi títí di ọ̀sán. Mo jẹ ìrẹsì tí kò lata àti ẹja sísun, mo tún padà sínú omi, mo ń ronú ìkòkò tí mo gbé wọ yàrá ọmọ mi.

A délé ní aago márùn-ún. Bísí wà ní pálọ̀, ó gbé ọmọ lé èjìká, ó fi ọwọ́ kejì di ìbàdí mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Bísí, ṣé kí n bá ọ fọ ẹ̀yìn? Ẹ̀yìn nìkan. Mi ò ní fọwọ́ kan ikùn."

Ó tẹ́ ọmọ sórí àga, ó lọ dojú ike omi délẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, ó jókòó lé e.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kó gbóná jù o."

"Ìwọ ni kó o sọ bó ṣe máa gbóná tó."

Ohun tí mo rí kọ́ ní Rosenberg kò ju pé kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í bóyá ẹ̀yìn fífọ̀ náà ti tó. Ó ní kò tíì tó.