Ta Ló Gba Ìwé Lọ́wọ́ Titus Ọláwuyì?

Titus Ọláwuyì kú ní Ìníṣà ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Irin ṣóńṣó tó fi ń tẹ bíréèlì, ìwé olójú kókó tí afọ́jú ń fọwọ́ kà, ló gún un ní àtàǹpàkò. Ọwọ́ wú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há pinpin, omi kò gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ má parọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Èmi àti Titus la jọ ka ìwé mẹ́fà ní Ìkìrun, kí ìgbóná tó gba ojú rẹ̀. Ẹlòmíì ìbá jókòó sílé kó máa retí oúnjẹ. Titus lọ sí Òkè Ọya, ó kọ́ bíréèlì, ó padà wá, ó sì kó ọmọ afọ́jú méje jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìníṣà, láti Ìkìrun, Òkukù àti Igbayè. Bí ọmọ kan bá ka gbólóhùn kan já, tíṣà á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ oyè.

Lọ́dún 1962 tó kọjá yìí, ọ́fíìsì tó ń fún un ní ìwé líle tí wọ́n ń tẹ bíréèlì sí ránṣẹ́ pé ìwé ti tán. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ni wọ́n gbé wá, kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀. Ọ̀làjú dé! Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Iná mànàmáná wo ló wà ní Ìníṣà? Báàtìrì tí wọ́n kó wá kò lo oṣù kan.

Titus kò kórìíra ẹ̀rọ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ fún ìtàn àti orin. Ṣùgbọ́n Àmọ̀kẹ́, ọmọ Òkukù tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́fà, bi í níṣojú mi:

"Tíṣà, ẹ̀rọ pe ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?"

Titus yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ẹni tó ń gbọ́ ìwé kò tíì kàwé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre, ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ̀rọ wà, kí ìwé náà wà."

"Tíṣà, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ lo èyí tí a fún yín."

Kò tilẹ̀ ní ká jókòó.

Bí Titus ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn, tó ń tẹ ìwé ìṣirò Àmọ̀kẹ́ sórí rẹ̀, kókó kan lẹ́yìn òmíràn. Àpò náà le, ó sì ń yọ̀. Ibẹ̀ ni irin ti yẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre dìde, ó ní ọ́fíìsì òun yóò fi ẹ̀rọ kejì ṣe ìrántí olóògbé. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ìyá Àmọ̀kẹ́ nìkan ló figbe ta: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wo ọwọ́ Tíṣà kí ẹ tó kan pósí náà pa!"

Mo bèèrè: ta ló fọwọ́ sí i pé kí ìwé dúró? Ta ló wá wò bóyá iná wà ní Ìníṣà? Ọ̀gbẹ́ni Adéjàre, ẹ dá wa lóhùn ní gbangba, kí orúkọ jáde. Kí ìwé sì dé ọwọ́ ọmọ méje yìí kí ìdánwò tó dé. Bí kò bá dé, a ó kó wọn wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Wọn kò ní rí yín. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ yín.