Ṣòkòtò Tó Jẹ́rìí

Aṣọ oníbàárà ló kó télọ̀ aládùúgbò mi sí wàhálà. Kòníítú là ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé aṣọ wá nìyẹn: "Kò ní í tú, ẹ fọkàn balẹ̀." Èmi ń ṣe bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ògiri kan ló là wá. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wù ú tán, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ rìn yíká àdúgbò. Ó ní òun ń dán an wò ni. Ìdánwò ọlọ́jọ́ mẹ́ta!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ṣẹ́ẹ̀tì pupa ló ń dán wò. Ọlọ́pàá gìrìwò kan sì ń wá olè tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Ó fò mọ́ Kòníítú ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó dà á dojú bolẹ̀, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó lọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí àtàǹpàkò fi dún. Gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi ò tilẹ̀ lè sá, abẹ́ tábìlì mi ni mo kó sí, mò ń gbọ́ igbe rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n rí i pé òun kọ́ ni olè, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ò bínú. Ẹ gbọ́ o, àwọn ò bínú! Àtàǹpàkò náà kò ká mọ́. Télọ̀ tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú, kí ló kù? Ó pe àwọn ọlọ́pàá lẹ́jọ́. Nígbà tí lọ́yà rẹ̀ wá ẹlẹ́rìí dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní mi ò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo lọ ra gúlúù tí mo fi ń lẹ bàtà.

Ní kóòtù, ọlọ́pàá ní òun kò fọwọ́ kàn án, ńṣe ló fẹsẹ̀ kọ tó ṣubú.

Kòníítú ní, "Olúwa mi, bó ṣe tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mo gbọ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ fàya ní ìdí. Tó bá di ti aṣọ, etí mi kì í tàn mí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá fọwọ́ gbá itan. "Irọ́ ni, Olúwa mi! Ṣòkòtò ọjọ́ náà ni mo wọ̀ yìí, kò ya rí."

Adájọ́ mi orí. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan, ẹjọ́ ti fẹ́ já mọ́ Kòníítú lọ́wọ́. Mo tẹjú mọ́ bàtà ara mi.

Àfi bí ìyàwó Kòníítú, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ṣe fò dìde. "Kò ya rí kẹ̀? Èmi tí mo rán an ńkọ́!"

Adájọ́ ní kó wá búra kó tó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní ìrìn àjò lòun ti dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun rò pé ọkọ òun lọ kó aṣọ fún oníbàárà ni. Lóòótọ́ ni, èmi tó yẹ kí n sọ fún un ṣì ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́. Ọlọ́pàá yìí gbé ṣòkòtò dé, kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ẹni tóun mú ni, ó ró táwẹ́ẹ̀lì jókòó dè é.

"Mo bi í pé kí ló fà á ya. Ó ní olè olóríkunkun kan ni òun fi orúnkún tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Olúwa mi, mo tún ṣàdúrà fún un! Ẹ wo inú rẹ̀, òwú pupa ni mo fi rán an. Àmì wa ni. Tó bá tún ya níbẹ̀, ọ̀fẹ́ la máa tún un rán."

Wọ́n mú ọlọ́pàá wọ yàrá ẹ̀gbẹ́. Ṣòkòtò nìkan ló padà jáde, akọ̀wé kóòtù fi ìka méjì gbé e. Ẹ̀rín ta! Wọ́n ní kí Kòníítú yí inú rẹ̀ síta. Ó dì í mú, ó bọ́. Ó tún dì í mú, ó tún bọ́. Ẹ̀rín bá dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a yí i, gbogbo wa sì rí òwú pupa.

Adájọ́ dá a láre, ó ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú fún un. Ohùn kan wá láti inú yàrá: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣòkòtò mi ńkọ́?"

Adájọ́ ní, "Ó ti di ẹ̀rí."

Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń lọ bá Kòníítú gé aṣọ. Ó ní mò ń gé e bí awọ bàtà. Kò bi mí ní nǹkan kan títí di àná, tó wo ọwọ́ mi pẹ́, tó wá ní, "Gúlúù tí o lọ rà lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó mú?"

Mò ń gé aṣọ lọ.