Láti Toronto dé Èkó, wákàtí mélòó ni?

Wákàtí mélòó ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò láti Toronto dé Èkó? Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Bàbá wa kú lálẹ́ àná. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi pè láti Toronto pé òun ń bọ̀, ká jẹ́ kí òun rí ojú wọn.

Mo wo fóònù. Wákàtí mọ́kànlá ni mo rí. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, fi méjì kún un, ti Èkó sí Ìbàdàn.

Ó ní, "Ó dáa. A ó dúró dè é di ìrun alàásárì."

Alàásárì pé, àbúrò mi pè. Istanbul ló wà, ó ń dúró de ọkọ̀ kejì!

Bàbá Kékeré wò mí. "Ìwọ tó o kàwé tó yìí, ọ̀nà tí ẹyẹ ń gbà lo ṣírò. Ṣé àbúrò ẹ níyẹ̀ẹ́ ni?"

A sin bàbá sí àgbàlá wa ní Àrẹ̀mọ, nílùú Ìbàdàn, kí oòrùn tó wọ̀.

Àbúrò mi ti wà lófuurufú báyìí, fóònù rẹ̀ ò lọ. Kò tíì mọ̀ pé a ti sin bàbá. Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá balẹ̀ tó pè mí, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?